Fọwọ́ Kàn Án Kí O Tó Dì Í

Mo ti gba ẹ̀jẹ̀ lápá ọkùnrin kan tó ń sùn lórí ẹrù tábà, nínú ọkọ̀ akẹ́rù tó ń sáré láti Ìsẹ́yìn lọ sí Òkèhò. Ọkọ̀ ò dúró, dẹ́rẹ́bà ò mọ̀, ọkùnrin náà ò sì jí. Èmi wà lórí kẹ̀kẹ́ mi lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, mo fi ọwọ́ kan di kẹ̀kẹ́ mú, mo fi ọwọ́ kejì gún iṣan, mo fi eyín mú òwú dání. Ìgbà tó dé Òkèhò ló tó ń bi àwọn èrò pé ta ló lẹ òwú mọ́ òun lápá. Ẹ̀jẹ̀ kíún ò kán sára ewé tábà. Ìyàwó mi ní kí n yé sọ ọ́ níwájú àwọn ọmọ tó kàwé. Mo ní kó jẹ́ kó dúró bẹ́ẹ̀. Ẹni tí kò bá lè fọ́nnu lórí iṣẹ́ tó fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣe kó tó fẹ̀yìn tì, ọdún kìíní ló yẹ kó ti fi í sílẹ̀.

Ràfíù ni orúkọ mi, ọmọ Ṣakí ni mí. Iṣan apá ni mo fi ìka wá jẹun. Àwọn tó ní sàtífíkéètì ní orúkọ tí wọ́n ń pe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ohun tó jẹ́ gan-an nìyẹn: ẹnì kan ń ṣàìsàn, oògùn tàbí omi gbọ́dọ̀ wọ inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n á ní kí wọ́n pe Ràfíù kó wá wá ọ̀nà. Ẹ̀yin ọmọ tó ń ro iṣẹ́ tí ẹ máa kọ́, tí ẹ fi ń wá bi mí léèrè, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ bó ṣe rí.

Bí mo ṣe débẹ̀ ò gùn. Ìwé mẹ́rin ni mo kà tí owó ilé ìwé fi tán. Bàbá mi mọ ẹnì kan, ẹni náà mọ ẹnì kan, wọ́n bá gbà mí sí ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ṣakí pé kí n máa gbálẹ̀, kí n sì máa se abẹ́rẹ́. Ọdún tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ kúrò lápá òsì bọ́ sí apá ọ̀tún ni. Owó oṣù náà, ẹ má wulẹ̀ bi mí. Ó ń wá, ó sì ń lọ.

Mo ní mò ń se abẹ́rẹ́, ẹ sì ń wò mí. Abẹ́rẹ́ ìgbà náà kì í ṣe èyí tí à ń gún tí à ń sọ nù. Abẹ́rẹ́ kan lè gún odindi àdúgbò. Gíláàsì ni síríńjì, inú ìkòkò irin kékeré la ti ń sè é lórí sítóòfù oníkẹrosíìnì, bí ẹni se iṣu. Bí ẹnu abẹ́rẹ́ bá kú, a ó pọ́n ọn lórí òkúta tí a fi ń pọ́n ọ̀bẹ, a ó wá fi fa òwú. Bí òwú bá so mọ́ ọn, kò tíì dára, padà lọ pọ́n ọn. Ojoojúmọ́ ayé mi ni mo fi ń fa òwú fún ọdún kan gbáko.

Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ là ń pè ní Bàbá Dúró, nọ́ọ̀sì ọkùnrin ni, ará Òkèhò. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sì í pariwo. Bí aláìsàn bá ń ké, ohùn tirẹ̀ á tún lọ sílẹ̀ sí i. Ó ní iṣan ń gbọ́ ọ̀rọ̀, bí ẹ̀rù bá ba ẹni tó ni ín, iṣan á sá wọlé. Òótọ́ sì ni, mo ti fojú mi rí i. Ṣùgbọ́n ohùn jẹ́jẹ́ yẹn ò dé ọ̀dọ̀ èmi. Rúlà onígi kan wà lápò rẹ̀, eegun ẹ̀yìn ọwọ́ mi ló mọ ìwọ̀n rẹ̀.

Kò jẹ́ kí n fi abẹ́rẹ́ kan ẹran ara ènìyàn títí òjò fi rọ̀ tó sì dá. Ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ló ní kí n lọ máa já wá, èyí tó ní ihò nínú. Yóò ní kí n da omi osùn sínú rẹ̀, kí n fi ìda dí i ní orí méjèèjì, kí n fi aṣọ tútù bò ó. Abẹ́ aṣọ yẹn ni mo gbọ́dọ̀ ti fi ìka wá a rí, kí n gún un, kí omi pupa sì jáde sínú síríńjì.

"Ògiri kan ni kí o gún," á wí. "Bí o bá gún ògiri méjì, o ti la inú ilé onílé kọjá bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé."

Mo la ẹ̀yìnkùlé púpọ̀. Igi ìbẹ́pẹ ilé ìwòsàn fẹ́rẹ̀ẹ́ kú tán lórí ọ̀rọ̀ mi.

Lẹ́yìn ìyẹn ló dójú lé ìka ìfábẹ̀là mi. Ó ní ìka yẹn ló máa ríran fún mi, kò gbọdọ̀ yi. Ó ní n kò gbọdọ̀ fi mú ọkọ́ mọ́, n kò sì gbọdọ̀ fi bu ọkà gbígbóná. Ṣé ẹ mọ ilé tí ọmọ ti ń fi ṣíbí jẹ ọkà nígbà náà? Ìyá mi wò mí títí, ó ní, "Ràfíù, ìwé mẹ́rin péré ni wọ́n ní o kà. Ta ló wá sọ ọ́ di òyìnbó?" Àwọn àbúrò mi ń sọ mí ní Ṣíbí. Ṣùgbọ́n nígbà tó tó oṣù mélòó kan, mo lè di ojú mi, kí n gbé ìka lé apá ẹnikẹ́ni nínú ilé wa, kí n sọ ẹni tó jẹ́. Ìyẹn kì í ṣe irọ́.

Ọjọ́ tó fi ọ̀nà hàn mí, ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà sí apá ara rẹ̀. Ó ń pe orúkọ ìlà kọ̀ọ̀kan ní èdè òyìnbó, orúkọ náà gùn ju ọ̀nà tó ń jẹ́ ẹ lọ. Ó ní òyìnbó fúnra wọn yá èdè yẹn lọ́wọ́ ẹlòmíràn ni. Mo ní bó bá jẹ́ pé wọ́n yá a, kí wọ́n dá a padà. Rúlà dáhùn. Mo bá fi orúkọ tèmi pè é nínú ọkàn mi.

Ẹ ká apá aṣọ yín sókè, kí ẹ di ọwọ́ yín ní ẹ̀ṣẹ́. Èyí tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọwọ́, lẹ́bàá àtàǹpàkò, tó yí ọrùn ọwọ́ ká bọ́ sí iwájú apá, tó sì ń gòkè lọ títí dé èjìká, Ọ̀nà Ìsẹ́yìn nìyẹn. Ó tọ́, ó hàn, ẹni tó sanra pàápàá, ẹ máa rí i lápá ibẹ̀. Èyí tó ti ìhà ọmọńdinrín wá ni Ọ̀nà Ìgbòho. Ó tóbi, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn apá ló máa ń gbà kó tó yọ síwájú, ó sì máa ń yọ̀ mọ́ni lọ́wọ́ bí ẹja. Láàárín àwọn méjèèjì, Ọ̀nà Oko ń ti àtẹ́lẹwọ́ gòkè bọ̀. Ẹlòmíràn ní i, ẹlòmíràn ò ní i. Nígbà tí ẹ bá dé inú ìgbọ̀nwọ́ níbi tí apá ti ń ká, ọ̀nà kan á dábùú láti Ìsẹ́yìn lọ bá Ìgbòho. Mo pe ibẹ̀ ní Oríta. Oríta ni gbogbo ayé ti ń gba ẹ̀jẹ̀, torí ó sanra, kì í sì í sá. Lára ẹlòmíràn, Ọ̀nà Oko á pín sí méjì kó tó dé Oríta, á wá dà bíi lẹ́tà M. Apá ọ̀tún ènìyàn sì lè má jọ apá òsì rẹ̀. Ọlọ́run kì í fi rúlà fa ìlà.

Ṣùgbọ́n odò wà lábẹ́ Oríta. Odò ni iṣan tó ń lù, èyí tó ń ti ọkàn bọ̀. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yi bí awọ bàtà ló ṣe afárá láàárín òun àti ọ̀nà tó wà lókè. Ọ̀nà ń gbé ẹ̀jẹ̀ dúdú padà bọ̀ wálé pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Odò ń gbé ẹ̀jẹ̀ pupa lọ sí ìka tagbáratagbára. Oògùn tó bá gba ọ̀nà, gbogbo ara ni yóò pín in jẹ. Oògùn tó bá bọ́ sódò, inú ìka ọwọ́ ni yóò dà sí, kò sì sí ibi tí yóò gbà jáde kó tó sun gbogbo ibẹ̀.

"Odò máa ń rìn nísàlẹ̀," Bàbá Dúró wí. "Ṣùgbọ́n lára ẹnì kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, á gòkè wá, á máa bá ọ̀nà rìn lábẹ́ awọ. Báwo lo ṣe máa mọ̀ ọ́n?"

"Á máa lù, sà."

"Bí o bá ti di apá rẹ̀ pinpin ńkọ́?"

Mo ní á ṣì máa lù.

"Á dákẹ́. Odò tó bá dákẹ́ sì jọ ọ̀nà. Nítorí náà, fọwọ́ kàn án kí o tó dì í. Wí i."

Mo wí i. Àràárọ̀ ni mò ń wí i, bí ọmọ ilé kéú tó ń ka wàláà, kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìkòkò abẹ́rẹ́.

Ìgbà kan dókítà kan wá bẹ̀ wá wò láti Ìbàdàn. Ó bi mí léèrè ibi tí mo ti gba ẹ̀jẹ̀ obìnrin kan. Mo ní, "Ọ̀nà Ìgbòho ni, sà." Ó ní, "Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ kó tó dé ibí?" Bàbá Dúró ò rẹ́rìn-ín. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó ní kí n fi gbogbo ọ̀nà mi han òun. Mo fi wọ́n hàn án. Ó rò ó díẹ̀, ó ní, "Ẹni tó mọ ọ̀nà ló ń dé. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá wà níbẹ̀, pa ẹnu mọ́, kí o máa nàka."

Báyìí ni mo ṣe di ẹni tí apá ń wá bá. Ẹ ò lè mọ bí apá ṣe pọ̀ tó níbí. Apá àwọn ahunṣọ òfì Ìsẹ́yìn, iṣan wọn yọ bí okùn tí wọ́n fi so ẹrù mọ́ orí ọkọ̀, afọ́jú lè gún un. Apá àwọn Fúlàní tó ń kiri wàrà, tẹ́ẹ́rẹ́ báyìí, iṣan rẹ̀ á ti máa kí ọ láti òkèèrè. Apá ìyá oníṣòwò tó rọ̀ṣọ̀mù, ojú ò ní rí nǹkan kan. Ìka ni yóò tẹ̀ ẹ́, ibi tó bá ta ìka padà bíi mọ́ínmọ́ín tó jinná, ibẹ̀ ni. Apá arúgbó, iṣan wà nílẹ̀ rẹpẹtẹ ṣùgbọ́n ó ń yí kiri, àfi kí o fa awọ rẹ̀ le. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ la fi ń pa àmúkùrù ẹ̀pọ̀n. Ní àsìkò ọyẹ́, gbogbo wọn á sá wọlé, àfi kí o fi aṣọ gbígbóná bẹ̀ wọ́n.

Èyí tó le jù ni apá àwọn ìyá tó fín ara. Ẹ mọ fínfín ayé àtijọ́, dúdú kirikiri láti ọrùn ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, a ò ní mọ iṣan yàtọ̀ sí ìlà fínfín. Ìyá kan wà láti Ìgbòho, orúkọ ọkọ àárọ̀ rẹ̀ ni wọ́n fín sí Oríta gan-an.

Mo ní, "Ìyá, abẹ́ orúkọ yìí ni iṣan yín wà."

"Orúkọ wo ni wọ́n kọ síbẹ̀?"

"Ó jọ Àlàbí, mà."

"Gún un gidi," ìyá ní. "Ó ti tọ́ sí i tipẹ́."

Mo ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ fún bí ọdún mẹ́fà, a ti fi pọ́n-ùn sílẹ̀, a ti ń ná náírà, tí nǹkan tí mo fẹ́ sọ yìí fi ṣẹlẹ̀. Ìgbà tí ènìyàn bá mọ iṣẹ́ tán ni iṣẹ́ máa ń mọ̀ ọ́n.

Ẹ̀ẹ̀rùn ni. Wọ́n ti ń dáná sungbó, àkókò àwọn ọdẹ nìyẹn, torí ẹran kì í rí ibi sá sí mọ́. Wọ́n gbé ọdẹ kan wá láti Ìwéré-Ilé lórí alùpùpù, àbúrò rẹ̀ di í mú láti ẹ̀yìn. Ògúnlékè ni orúkọ rẹ̀. Ibà ti mú un lọ́jọ́ mẹ́rin, oògùn tó bá gbé mì ló ń bì. Dókítà tó máa ń wá wo àwọn aláìsàn wa lọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ ti kọ ọ́ sílẹ̀ pé kí a fún un ní abẹ́rẹ́ inú iṣan. Bàbá Dúró ti lọ gba oògùn ní Ìsẹ́yìn, ó ní lẹ́yìn ìrun ọ̀sán lòun ó dé. Èmi àti Ìyá Kẹ́hìndé, tó ń tọ́jú yàrá àwọn aláìsàn, la wà nílé.

Apá òsì Ògúnlékè ò ṣe é gún. Ìbọn ti bú mọ́ ọn lọ́wọ́ rí, awọ ibẹ̀ ti di bí èèpo igi. Apá ọ̀tún ló kù. Ọwọ́ tó fi ń yìnbọn nìyẹn, ọwọ́ tí ìyàwó méjì àti ọmọ mẹ́sàn-án ń jẹ lára rẹ̀. Ìfúnpá awọ kan wà ní òkè ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, ó ti pẹ́ níbẹ̀ tí ẹran fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bò ó, apá tó sì wú nítorí ibà ti mú kó fún un pinpin.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká bọ́ ìfúnpá yìí."

Ó lajú díẹ̀. "Bàbá mi ló so ó mọ́ mi. Ọjọ́ tí ẹnì kan bá bọ́ ọ, n kò ní mọ̀, wọ́n á ti wẹ̀ mí tán."

"Mo fẹ́ fi rọ́bà di apá yín ni, sà."

"Èyí ò ha ti dì í bí?"

Mo wò ó. Òótọ́ ló sọ. Ìfúnpá ti ṣe iṣẹ́ rọ́bà. Gbogbo ọ̀nà apá rẹ̀ ti kún, wọ́n yọ bí ẹni pé ènìyàn ló yà wọ́n. Ní ìhà Ìgbòho, ọ̀kan wà tó sanra, tó tọ́, tó wà lábẹ́ awọ níbẹ̀. N kò tíì rí irú ẹ̀ rí. Ó wù mí. Mo ní nínú ọkàn mi pé ọlọ́gbọ́n ni mí, mo fi ìfúnpá ọdẹ ṣe rọ́bà, Bàbá Dúró á dé, á gbọ́, á rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀.

Ìyá Kẹ́hìndé dúró tì mí pẹ̀lú àwo òwú. "Ràfíù, o ò tíì fọwọ́ kàn án."

"Ó ti dì tẹ́lẹ̀, mà. Kí ni mo tún fẹ́ fọwọ́ kàn?"

"Ohun tí mo ń gbọ́ tí o ń wí láràárọ̀ ni mo sọ. Jẹ́ kí ọ̀gá dé."

"Ẹ ò rí i bó ṣe yọ ni? Ẹ̀yin náà lè gún èyí, mà."

"Èmi ò ní gún un," ó ní.

Mo gún un. Ẹ̀jẹ̀ wọ síríńjì fúnra rẹ̀, n kò tíì fà á. Pupa ni, pupa roro, ó sì ń ta gìrì, ó ń ti ìdí síríńjì padà sí mi lọ́wọ́. Ẹ̀yin ọmọ, gbogbo ohun tí mo kọ́ ló wà lójú mi yẹn. Ṣé ẹ mọ ohun tí mo sọ? Mo ní, "Ẹ̀jẹ̀ ọdẹ nìyí, ó lágbára." Mo sì ti oògùn wọlé.

Ògúnlékè ò ké. Ó kàn gbé orí sókè, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀ bíi pé ti ẹlòmíràn ni. Ó ní, "Ọmọ, iná wà nínú ọwọ́ mi."

Mo dúró. Ìka rẹ̀ ti ń funfun, láti ọmọńdinrín wá, bíi pé ẹnì kan ń fi ẹfun kùn ún. Mo yọ abẹ́rẹ́, mo fi òwú tẹ̀ ẹ́. Ìyá Kẹ́hìndé ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó mú sísọ́ọ̀sì, ó gé ìfúnpá náà bọ́ sílẹ̀. Bó ṣe bọ́ báyìí, ohun tó wà lábẹ́ ìka mi jí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í lù. Ó ń lù kì, kì, kì, lábẹ́ awọ níbẹ̀, ní ibi tí gbogbo ayé ń pè ní ọ̀nà.

Odò ni. Ọ̀kan nínú àwọn tó ń bá ọ̀nà rìn. Ìfúnpá ló pa á lẹ́nu mọ́ dè mí.

Ìgbà tí Bàbá Dúró fi dé, a ti fi aṣọ gbígbóná wé ọwọ́ náà, a ti ń wá ọkọ̀ tí yóò gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ó fi ìka méjì tẹ apá náà lẹ́ẹ̀kan, ó mọ̀. Ó yíjú sí mi. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ tó fi jẹ́ pé mo ní láti tẹ̀ síwájú kí n tó gbọ́.

"Ṣé o fọwọ́ kàn án kí o tó gún un?"

Láti orí ibùsùn, Ògúnlékè ló sọ̀rọ̀. "Ọ̀gá, èmi ni n kò jẹ́ kó bọ́ ìfúnpá. Ẹ bá mi wí."

Bàbá Dúró ò yọ rúlà. Ìbá dára bó bá yọ ọ́.

Ọdẹ náà lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n tọ́jú rẹ̀, ibà lọ, ọwọ́ náà padà bọ̀ sípò. Ẹ̀ẹ̀rùn tó tẹ̀lé e, ọwọ́ kan náà yìí ló fi yìnbọn fún ẹfọ̀n kan nínú igbó Ìwéré-Ilé. Ó fi itan rẹ̀ kan ránṣẹ́ sí wa. Ìyá Kẹ́hìndé sè é, Bàbá Dúró jẹ ẹ́ títí ó fi tú bẹ́líìtì.

Èmi ò gún ẹnikẹ́ni fún odindi ọdún kan. Bàbá Dúró gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ mi, ó fún mi ní ìwé àti pẹ́ńsù. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé, ìbáà ṣe orí fífọ́ ló gbé e wá, n ó fọwọ́ kan apá rẹ̀ méjèèjì kí n tó di nǹkan kan mọ́ ọn, n ó ya ọ̀nà rẹ̀ sínú ìwé, n ó fi àmì sí ibi tí odò wà. Ìwé mẹ́ta kún. Ìgbà yẹn ni mo tó mọ̀ pé ohun tí mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà, ojú ni mo fi ń ṣe é. Ìka mi ò tíì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Nígbà tó yá, ó dá abẹ́rẹ́ padà fún mi. Ó kàn gbé ìkòkò irin síwájú mi pé kí n lọ sè é.

Nǹkan yí padà lẹ́yìn náà. Síríńjì oníke dé, wọ́n ní kí a gún kí a sọ nù. Mo kọ́kọ́ rò pé ìwà òmùgọ̀ ni. Mo sè é, ó yọ́ mọ́ ìdí ìkòkò, òórùn rẹ̀ ò tán ní ọ̀sẹ̀ kan. Rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí a fi ń di apá náà lọ, wọ́n gbé rọ́bà pẹlẹbẹ wá. Abẹ́rẹ́ kan tún dé tó ní ìyẹ́ bíi labalábá, tó rọrùn fún apá ọmọdé. Òkúta tí mo fi ń pọ́n abẹ́rẹ́, ìyàwó mi ló fi ń pọ́n ọ̀bẹ ìdáná báyìí. Bàbá Dúró fẹ̀yìn tì, ó padà sí Òkèhò, ibẹ̀ ló kú sí. Wọ́n ń gbé àwọn ọmọ tuntun wá sọ́dọ̀ mi, wọ́n ti ka ìwé tó nípọn, wọ́n sì mọ orúkọ òyìnbó tó gùn yẹn bí ẹni mọ orúkọ ìyá rẹ̀. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ já ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ wá. Wọ́n á wò mí bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé. Bó bá pẹ́ títí, wọ́n á já a wá.

Bí ẹnì kan nínú yín bá fẹ́ iṣẹ́ yìí, kó má tìtorí aṣọ funfun. Aṣọ funfun ò ríran. Kó wo ìka ara rẹ̀ kó sì bi í bóyá ó lè mú sùúrù. Àwọn kan lára yín ń wo ẹ̀rọ tí wọ́n ní ó ń fi iṣan hàn lábẹ́ awọ. Mo gbọ́ nípa rẹ̀. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹ bi í bóyá ó mọ odò yàtọ̀ sí ọ̀nà nígbà tí odò bá dákẹ́.

Ó ku ohun kan. Mo ti ń sọ ìtàn ọdẹ yìí fún nǹkan bí ogójì ọdún, itan ẹfọ̀n ni mo sì máa ń fi parí rẹ̀, àwọn ènìyàn á rẹ́rìn-ín, a ó sì dìde. Lónìí, torí ó lè jẹ́ pé ẹnì kan nínú yín yóò mú abẹ́rẹ́ dání lóòótọ́, mo fẹ́ ya èyí tí mo dá sílẹ̀ kúrò lára èyí tó ṣẹlẹ̀.

Ọwọ́ náà ò padà bọ̀ sípò. Ìka rẹ̀ méjì dúdú, ọmọńdinrín àti èyí tó tẹ̀lé e, wọ́n sì gé wọn kí oṣù tó parí. Àwọn yòókù ò lè pa dé mọ́. Ògúnlékè gbé ìbọn rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀, ó lọ ń gbin ẹ̀gẹ́ àti káṣú.

Mo lọ kí i ní Ìwéré-Ilé ní ọdún tó tẹ̀lé e. Ó pẹ́ kí n tó lè lọ. Ó ń fi ọwọ́ òsì bẹ ẹ̀gẹ́ lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, kò sì mọ̀ ọ́n bẹ. Àlejò kan tó jókòó síbẹ̀ bi í pé kí ló mú ìka rẹ̀ lọ. Ó ní, "Paramọ́lẹ̀ ni," kò wò mí. Nígbà tí àlejò náà lọ tán, mo dọ̀bálẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò fi sọ òótọ́.

Ó ní, "Ṣé kí n sọ fún ẹgbẹ́ ọdẹ pé abẹ́rẹ́ ló mú mi balẹ̀? Bí mo bá sì sọ ọ́, ta ni nínú gbogbo àgbègbè yìí ló máa tún na apá sí yín ní ilé ìwòsàn yẹn? Dìde. Mo ti sọ tèmi, lọ wá tìrẹ sọ."

Mo lọ wá tèmi. Ojú ọ̀nà Ṣakí lórí kẹ̀kẹ́ ni mo ti dá ẹfọ̀n yẹn, kí n tó délé ó ti ní ìwo. Ògúnlékè ti kú báyìí, kò nílò paramọ́lẹ̀ mọ́, èmi náà ò sì nílò ẹfọ̀n. Ẹran kankan ò wá sí ilé ìwòsàn wa. Ìka méjì ló lọ. Dókítà ló mú ọ̀bẹ, ṣùgbọ́n èmi ni mo gé wọn.